Orúkọ Mẹ́tàlá Tí Kò Kúrò Nínú Ìwé Ẹnu Géètì

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Adéṣìnà Àtijọ́,
Ẹgbẹ́dá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alámòójútó,
Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìmọ́lẹ̀-Àárọ̀,
Ìgandò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÀJÁWÌRÌ: KÍ Ẹ SỌ FÚN GBOGBO ÒBÍ, KÍ ILÉ-ÌWÉ TÓ ṢÍ NÍ ỌJỌ́ AJÉ, PÉ ORÚKỌ TÍ WỌ́N YỌ LÓRÍ WẸ́Ẹ̀BÙ KÒ KÚRÒ

1. Orúkọ mi ni Aasiyah Ọláyíwọlá. Èmi ni mo kọ ojú-ewé orí ayélujára, ìyẹn wẹ́ẹ̀bù, tí àwọn òbí ilé-ìwé yín ń lò láti sọ ẹni tó lè wá mú ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá parí ẹ̀kọ́, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wá mú un mọ́. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí sí yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lára mi ju ọ̀wọ̀ náà lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le jù nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fò ó.

2. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni àwọn òbí ti tẹ bọ́tìnnì láti yọ orúkọ ẹnìkan kúrò lára àwọn tó lè wá mú ọmọ wọn. Wẹ́ẹ̀bù dá wọn lóhùn pé ó ti kúrò. Kò kúrò. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀kan nínú rẹ̀ di ohun tí ẹnu kò ní lè ròyìn. Mẹ́tàlá ló kù, a kò mọ ọmọ tó ni wọ́n, ìsinmi àárín sáà sì ti ń parí, ilé-ìwé yóò ṣí ní ọ̀túnla.

3. Kí wẹ́ẹ̀bù yìí tó dé, ìwé kan ló wà lọ́wọ́ Bàbá Zikrullah, ẹ̀ṣọ́ tó ti ń ṣọ́ ẹnu géètì yín láti ọdún mẹ́sàn-án. Èèpo ìwé náà ti ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Òbí tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn wá mú ọmọ òun yóò lọ bá Bàbá, yóò sọ orúkọ ẹni náà, Bàbá yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Òbí tí kò bá fẹ́ ẹni náà mọ́ yóò tún lọ bá Bàbá, Bàbá yóò sì fi báírò pupa fa ìlà méjì lé orúkọ náà. Òbí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ìlà pupa yẹn kó tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìwé náà nínú oṣù kẹfà ọdún yìí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ayé ti kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba báyìí pé ìwé yẹn sàn ju iṣẹ́ mi lọ.

4. Àwa méjì ni ilé-ìwé gbé iṣẹ́ náà fún. Ọ̀gbẹ́ni Henry ló kọ inú rẹ̀, ìyẹn ibi tí orúkọ ń gbé, tí ọ́fíìsì ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé láràárọ̀ fún Bàbá Zikrullah. Èmi ni mo kọ ojú rẹ̀: ohun tí òbí ń rí lórí fóònù, bọ́tìnnì tó ń tẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó ń jáde sí i lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́. Ọdún márùn-ún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ojú yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, èmi náà sì ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni òbí ń bá sọ̀rọ̀. Òbí kò rí inú, ohun tí ojú bá sọ fún un ni yóò gbà gbọ́.

5. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, mo gbé iṣẹ́ náà lọ han Olùdarí ilé-ìwé, Arábìnrin Naomi Akínbọ́lá, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, nínú ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gbẹ́ni Henry kò tíì parí inú nígbà náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mọ́mì tẹ bọ́tìnnì tí mo kọ “Yọ ọ́ kúrò” sí. Àmì róbótó kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń yí ṣá ni, kò dáhùn. Mọ́mì dúró, wọ́n tún gíláàsì ojú wọn ṣe, wọ́n tún dúró. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà, mo kọ ọ́ síbí bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an: “Aasiyah, ta ló kọ́ nǹkan yìí nílé? Àgbà ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń wò mí! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ̀ ni mí ni? Jẹ́ kó máa tètè dáhùn, jàre.”

6. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá pe ọmọdé, “Ẹ̀ẹ̀n mà” ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè é fún. Ọmọ tí kò bá tètè dáhùn, ọmọ tí a kò kọ́ ni. Ohun tí mo lọ fi kọ́ wẹ́ẹ̀bù yín nìyẹn. Mo kọ́ ọ kó máa sọ “Ẹ̀ẹ̀n mà” kó tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Láti ọjọ́ náà, bí òbí bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, orúkọ yóò pòórá lójú ẹsẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé yóò yọ, ọ̀rọ̀ yóò sì jáde pé: “A ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ ṣeun, a mọ rírì yín.” Mọ́mì yìn mí. Wọ́n ní báyìí ló ṣe yẹ kí ọmọ gidi máa ṣe.

7. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò tilẹ̀ jókòó kọ apá yẹn fúnra mi. Oníbàárà kan wà tó ń ta bàtà ní Ìyànà Ìpájà, tí mo kọ wẹ́ẹ̀bù ọjà fún lọ́dún tó kọjá. Nínú ti oníbàtà yẹn, bí ẹni tó ń rajà bá yí ọkàn padà, yóò tẹ bọ́tìnnì, bàtà yóò sì jáde kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. A kì í rán ọ̀rọ̀ náà sí ẹnikẹ́ni. Fóònù ẹni náà nìkan ló ń rántí pé kò fẹ́ bàtà yẹn mọ́. Èyí kò burú fún bàtà, torí pé bí bàtà bá ṣèèṣì tẹ̀lé ẹrù délé, a óò dá a padà. Mo da apá náà kọ bó ṣe wà. Mo yí “bàtà” sí “orúkọ”, mo kun ún ní àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé yín, n kò ka ìyókù. Ohun tí a fi ń yọ bàtà nínú apẹ̀rẹ̀ ni mo fi fún àwọn ìyá àti bàbá láti fi yọ èèyàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn.

8. Ìdí nìyí tí kò fi sí òbí kankan tó fura. Bí òbí bá pa fóònù rẹ̀, tó tún ṣí wẹ́ẹ̀bù náà lọ́la, kò ní rí orúkọ náà mọ́, torí pé fóònù rẹ̀ ló ń rántí. Ilé-ìwé kò gbọ́ nǹkan kan. Nínú ìwé tí ọ́fíìsì ń tẹ̀ fún Bàbá Zikrullah, orúkọ náà ṣì wà gbọn-in.

9. Mo fẹ́ ka àwọn ìwà burúkú mìíràn tí mo hù lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ẹ̀bi sọ́rùn ẹlòmíràn. Mo kọ ìránnilétí kan sínú iṣẹ́ náà fún ara mi, ó kà báyìí: “Màá so ó mọ́ ti Henry tó bá ti parí.” Ọ̀gbẹ́ni Henry parí ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù pé kí n wá so ó mọ́ ọn. Mo fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ padà. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ló wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn. “Màá ṣe é lọ́la” ni bàbá gbogbo ìwà burúkú tó wà nídìí iṣẹ́ wa. Àwọn yòókù, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n.

10. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún mi. Nígbàkígbà tí mo bá ṣí iṣẹ́ náà, ìkìlọ̀ kan máa ń yọ lábẹ́ pé apá kan wà nínú ohun tí mo kọ tí kò sí ẹni tó ń pè é ṣiṣẹ́. Apá yẹn gan-an ló yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ òbí lọ sínú. Mo kọ ìlà kan tó pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́, torí pé kò dùn ún wò bí oníbàárà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Nígbà tó sì di àkókò láti dán an wò, orí láptọ́ọ̀pù mi nìkan ni mo ti dán an wò, nínú yàrá mi, pẹ̀lú orúkọ ara mi. Mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ mi pòórá, mo ní ó ti ṣiṣẹ́. N kò lọ sí ọ́fíìsì yín láti wo ìwé tí wọ́n tẹ̀ bóyá orúkọ náà kúrò níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan péré ni láti Ẹgbẹ́dá sí Ìgandò, n kò wọ̀ ọ́.

11. Ilé-ìwé ṣí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án. Mọ́mì gba ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ Bàbá Zikrullah níwájú àwọn òbí, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n rí mi, mo sì dìde.

12. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án kan náà, ìyá kan yọ orúkọ ọkùnrin kan kúrò. Ìyá Promise ni, ó sì mọ̀ pé mo ń kọ lẹ́tà yìí, ó fún mi láṣẹ. Promise jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọkùnrin náà ló máa ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé tẹ́lẹ̀. Ìyá ti kìlọ̀ fún un pé kó má sún mọ́ ọmọ òun mọ́ láé. Ìdí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ìyá tẹ bọ́tìnnì, ó rí àmì aláwọ̀ ewé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

13. Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá, ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, ọkùnrin náà dé ẹnu géètì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Zikrullah bó ti máa ń ṣe, ó béèrè àwọn ará ilé wọn. Promise rí i, ó sáré bá a, torí pé ẹni tó mọ̀ ni. Ó ti fi báàgì rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bàbá ṣí ìwé ọjọ́ náà láti wò ó. Íńkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ti ń tán láti òwúrọ̀. Láti àárín ìwé lọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo orúkọ ti ṣá, kò ṣeé kà. Bàbá bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà sọ fún wọn pé, “Bàbá, ẹ wò ó dáadáa, orúkọ mi wà ńbẹ̀ ṣá.” Òótọ́ ló sì sọ.

14. Bàbá pe Àǹtí Ṣeunfúnmi, tíṣà kíláàsì Promise, pé kó wá bá òun kà á. Òun náà kò rí i kà. Ó rò pé kò dáa kí wọ́n dá ẹni ẹlẹ́ni dúró sínú oòrùn, ló bá pe ìyá ọmọ lórí fóònù kí wọ́n lè tètè máa lọ. Ìkọ̀tún ni Ìyá Promise wà. Àǹtí Ṣeunfúnmi sọ fún mi pé òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lórí fóònù náà, igbe ni òun gbọ́. Nígbà tó máa fi bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin náà ti gbé báàgì sílẹ̀, ó ti lọ.

15. Wọ́n ra íńkì ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì tún ìwé náà tẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ó dúdú, ó mọ́ kedere. Ká ní wọ́n ti ra íńkì yẹn ní ọjọ́ kan ṣáájú ni, Bàbá ì bá kà á, wọn ì bá fa ọmọ lé e lọ́wọ́, wọn kò sì ní jẹ̀bi ohunkóhun. Mo ti ro ọ̀rọ̀ íńkì yìí títí, orí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Gbogbo iṣẹ́ tí èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Henry ṣe, kò sí èyí tó gba ọmọ yẹn là nínú rẹ̀. Ohun tó gbà á là ni pé ẹnìkan gbàgbé láti ra íńkì.

16. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún, ni wọ́n pè mí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi rí ohun tí mo ṣe. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, orúkọ tí òbí bá yọ ń kúrò lóòótọ́, wẹ́ẹ̀bù kì í sì í sọ pé ó ti kúrò títí inú yóò fi dáhùn. Bí ó bá pẹ́, kó pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Àwọn orúkọ tí àwọn òbí ti yọ ṣáájú ọjọ́ náà, n kò lè bá wọn yọ ọ́. Ohun kan wà nínú iṣẹ́ mi tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì; kì í kọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kì í kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ yọ. Ó ka mẹ́rìnlá. Bí a bá yọ ti Ìyá Promise kúrò, ó ku mẹ́tàlá. Ó lè jẹ́ pé òbí kan ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú wọn. N kò ní fi ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn.

17. Mo kúnlẹ̀ níwájú Mọ́mì lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo òbí. Wọn kò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ara ì bá tù mí díẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: “Ọlọ́run bá wa bò ó, ìwọ wá fẹ́ ṣí i. Ṣé o ti tún un ṣe àbí o ò tí ì tún un ṣe? Ó ti tán náà nìyẹn.” Wọ́n ní àwọn alábẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀ nínú oṣù yìí, àti pé bí àwọn òbí bá gbọ́, wọn yóò kó ọmọ wọn lọ. Mọ́mì kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sí ọmọ kan nínú ilé-ìwé yẹn tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn náà, ẹ̀rù tiwọn kàn yàtọ̀ sí tèmi ni.

18. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ìkìlọ̀ kan sí iwájú wẹ́ẹ̀bù náà pé kí gbogbo òbí tó ti yọ orúkọ rí pe ilé-ìwé. Kò tó wákàtí méjì tí ọ́fíìsì fi yọ ọ́, wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mi. N kò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Henry ti rìnrìn àjò, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Lórí Wasáàpù àwọn òbí, ọ́fíìsì nìkan ló lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ìyá Promise ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú mìíràn. Nọ́ńbà òbí méjì péré ló mọ̀. A pè wọ́n, àwọn méjèèjì kò yọ orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn.

19. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ìdí tí òbí fi ń yọ orúkọ ènìyàn kúrò. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tó ń wá mú ọmọ ti kó lọ sí Abẹ́òkúta. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ti padà sí ìlú rẹ̀. Bóyá méjìlá nínú mẹ́tàlá ló rí bẹ́ẹ̀, mo ń gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí wà tí wọ́n yọ orúkọ nítorí pé wọ́n ti rí nǹkan, tàbí ọmọ ti sọ nǹkan fún wọn. Irú òbí bẹ́ẹ̀, ká ní a kò dá a lóhùn ni, ì bá ti lọ bá Bàbá Zikrullah fúnra rẹ̀, ì bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti wá dúró ti ọmọ. A dá a lóhùn pé ó ti kúrò, a tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà sì jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀.

20. Mo sùn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi yìí, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wà nílé. Láti àná ni oorun ti tún dá. Bí mo bá gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé lójú títì, n óò yọjú lójú fèrèsé láti wo ẹni tó mú wọn lọ́wọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn, ó sì dá mi lójú pé iná wà lórí òrùlé wa.

21. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín pé:

(a) Kí ẹ pàṣẹ kí wọ́n pe òbí àwọn ọmọ ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá tó wà nínú ilé-ìwé náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, lónìí àti lọ́la. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èdè dídùn yí i ká. Ọ̀rọ̀ tó tó ni pé: “Bí ẹ bá ti yọ orúkọ ẹnikẹ́ni lórí wẹ́ẹ̀bù láti ìgbà tí a ti wọlé títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá, orúkọ náà kò kúrò. Ẹ sọ ọ́ fún wa báyìí.”

(b) Kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì mọ́ títí gbogbo òbí yóò fi dáhùn. Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ìyá tàbí bàbá, kí wọ́n kọ́kọ́ pe òbí kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n dá ìwé àtijọ́ padà fún Bàbá Zikrullah, àti báírò pupa.

(d) Mo gbọ́ pé wọ́n ti fún Bàbá Zikrullah ní lẹ́tà pé kí wọ́n wá ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ fún ẹni tí kò yẹ. Bàbá kò ṣe ohunkóhun ju pé wọ́n fẹ́ ka ohun tí a kọ fún wọn. Kí ẹ gba lẹ́tà náà padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sí èmi.

(e) Kí ẹ dárúkọ mi fún àwọn òbí bí ìyẹn bá lè mú kó rọ ilé-ìwé lọ́rùn. Ẹ sọ pé Aasiyah ló ba iṣẹ́ jẹ́. Òótọ́ ni. Mo ṣetán láti dúró níwájú gbogbo wọn, mo sì ṣetán láti gba ìyà tó bá tọ́ sí mi.

22. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Nọ́ńbà àwọn òbí wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin sì lẹ lè pàṣẹ tí Mọ́mì yóò gbọ́. Bí n kò bá gbúròó yín títí di ọjọ́ Ajé, n óò wá sí ẹnu géètì láti aago méjìlá ọ̀sán. Bí wọ́n bá lé mi, n óò dúró sí òdìkejì títì. N kò mọ ohun tí n óò ṣe níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n yóò wá, àwọn bọ̀dá àti àwọn àǹtí yóò wá, wọn yóò kí Bàbá dáadáa, wọn yóò di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọn yóò máa lọ. N kò mọ ojú ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́tàlá náà. Àwọn òbí nìkan ló mọ̀ wọ́n, àwọn òbí kò sì tíì gbọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìbẹ̀rù,

Aasiyah Ọláyíwọlá (Arábìnrin),
Ẹni tó kọ ojú wẹ́ẹ̀bù.